Kì í ṣe ‘Rà’, ‘Gbà Lò’ Ni: Àwọn Ọ̀rọ̀ Tó Yẹ Kí A Yẹ̀ Wò Kí A Tó Wọ Òwò Franchise ní Daagbé

1. Ìfáárà

Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan tó ń ta búrẹ́dì ní ọjà Daagbé pè mí lórí fóònù. Ó ní kí n wá bá òun ka ìwé kan. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe búrẹ́dì àti ìpápánu, tó sì ní ẹ̀ka ní ìlú mélòó kan, fẹ́ kí ó ṣí ẹ̀ka kan sí Daagbé. Aṣojú ilé-iṣẹ́ náà ti wá sílé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Yorùbá tó já gaara ló sọ, ṣùgbọ́n ìwé àdéhùn olójú-ewé mọ́kàndínlógún tó fi sílẹ̀, Faransé ni wọ́n fi kọ gbogbo rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kò lè ka Faransé. Owó tó fẹ́ fi wọ òwò náà jẹ́ owó àjọ ọdún mẹ́fà àti owó tó rí nígbà tí a ta ilẹ̀ bàbá wa. Aṣojú ní ọjọ́ márùn-ún ló kù, pé ẹlòmíràn ti ń dúró.

Daagbé wà ní kọmúùnù Ifangni, ní ẹ̀ka Plateau, lórílẹ̀-èdè Benin, kò sì jìnnà sí Igolo, ẹnubodè tó dojú kọ Ìdí-Ìrókò ní Nàìjíríà. Yorùbá àti Ègùn ni a fi ń ná ọjà níbẹ̀. Faransé ni a fi ń kọ ìwé ìjọba àti ìwé àdéhùn. Nítorí náà, mo rò pé iṣẹ́ ìtumọ̀ ni mo ń lọ ṣe. Nígbà tí mo ka ìwé náà tán, mo bi ẹ̀gbọ́n mi ní ohun tí aṣojú sọ fún un. Ohun tí aṣojú sọ ní Yorùbá kì í ṣe irọ́. Ohun tó wà nínú ìwé náà kì í ṣe irọ́. Síbẹ̀, àwọn méjèèjì kò bára mu.

Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé nínú iṣẹ́ yìí ni ibi tí àìbáramu náà ti wá. Àbá mi ni pé ẹni tó bá fẹ́ yẹ ilé-iṣẹ́ kan wò kí ó tó wọ franchise rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ ọ̀rọ̀ tí ilé-iṣẹ́ náà fi ń bá a sọ̀rọ̀ wò. Ọ̀rọ̀ márùn-ún ni mo mú: ọ̀rọ̀-ìṣe rà, àfòmọ́ oní-, ọ̀rọ̀-orúkọ èrè, ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ a, àti lè. Kò sí èyí tó ṣòro nínú wọn, ọmọ ọdún márùn-ún mọ̀ wọ́n lò. Àkọtọ́ Nàìjíríà ni mo fi kọ àwọn àpẹẹrẹ. Ẹni tó bá kọ́ Yorùbá kíkà ní Benin mọ̀ pé ɛ àti ɔ ni ti ọ̀dọ̀ wa fún ẹ àti ọ.

2. Ọ̀rọ̀-ìṣe rà

Franchise ni àdéhùn tí ẹni tó ni orúkọ òwò kan fi gba ẹlòmíràn láyè láti fi orúkọ náà, àti ọ̀nà tí ó ń gbà ṣòwò, pawó. Ẹni tó gba àyè náà yóò san owó, yóò sì máa tẹ̀ lé òfin olórúkọ. Ní Nàìjíríà, Mr Bigg's, tí ilé-iṣẹ́ UAC dá sílẹ̀ ní 1986, wà lára àwọn ilé oúnjẹ tó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ irú òwò báyìí.

Ní Daagbé, aṣojú náà àti gbogbo ẹni tí mo bá sọ̀rọ̀ ló ń sọ pé ènìyàn ń ra franchise. Ẹ wo gbólóhùn mẹ́ta wọ̀nyí:

(1) Mo ra ewúrẹ́.
(2) Mo ra ilẹ̀.
(3) Mo ra franchise.

Nínú (1) àti (2), ohun tí àbọ̀ ń tọ́ka sí kúrò lọ́wọ́ ẹni tó tà á, ó di ti olùwà. Olùwà lè tún un tà, ó lè fi sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò bi í. Nínú (3), orúkọ náà kò kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Olùwà kò lè tà á láìgba àṣẹ, ọmọ rẹ̀ kò lè jogún rẹ̀ bí olórúkọ kò bá fọwọ́ sí i, àsìkò rẹ̀ sì ní òpin. Ìhun àwọn gbólóhùn náà kò yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú wọn yàtọ̀.

Ohun tí rà ṣe fún ẹ̀gbọ́n mi ni pé ó jẹ́ kí ó béèrè ìbéèrè ẹni tó ń ra ewúrẹ́. Ó béèrè iye tó jẹ́. Ó béèrè bóyá wọn yóò dín in. Ó tọ́ búrẹ́dì wọn wò, ó sì ní ó dùn. Lẹ́yìn náà, kò rí nǹkan mìíràn béèrè mọ́.

Yorùbá ní ohun tó sún mọ́ franchise ju rírà lọ. Ẹni tó bá gba ilẹ̀ dáko lọ́wọ́ onílẹ̀ a máa san ìṣákọ́lẹ̀. Ó lè gbin àgbàdo àti ẹ̀gẹ́, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gbin ọ̀pẹ tàbí obì láìgba àṣẹ, nítorí igi tó ń pẹ́ lórí ilẹ̀ lè sọ àlejò di onílẹ̀. Kò lè ta ilẹ̀ náà. Ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ mọ ìbéèrè tó yẹ kí òun béèrè: Ọdún mélòó ni? Kí ni mo lè ṣe tí ẹ ó fi lé mi? Bí mo bá kú, ọmọ mi ńkọ́? Bí mo bá ń lọ, kí ni màá kó lọ?

Nígbà tí mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé ìṣákọ́lẹ̀ ni, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní kí n lọ wo ibi tí wọ́n ti kọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí òun bá ń lọ. Mo rí i ní ojú-ewé kẹtàdínlógún. Ọdún márùn-ún ni àdéhùn náà. Bí ó bá parí, tàbí bí wọ́n bá fòpin sí i, agborúkọ kò gbọdọ̀ ta búrẹ́dì tàbí ìpápánu ní Daagbé àti àyíká rẹ̀ fún ọdún méjì. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń ta búrẹ́dì ní ọjà yẹn láti ìgbà tí n kò tíì wọ ilé-ìwé. Bí ó bá tọwọ́ bọ ìwé náà, tí nǹkan kò sì lọ déédéé, iṣẹ́ tó bá wá kò ní í ṣeé ṣe fún un mọ́.

Ìdí nìyí tí mo fi dábàá pé kí a máa sọ pé ènìyàn gba orúkọ lò, kí a má sọ pé ó rà á. Ẹni tó ni orúkọ ni olórúkọ. Ẹni tó gbà á lò ni agborúkọlò. Gbà lò ti sọ fún ẹni tó ń gbọ́ pé ohun náà ní ẹni tó ni ín, àti pé ọjọ́ ìdápadà wà.

3. Àfòmọ́ oní-: ta ni olórúkọ?

Ọ̀rọ̀ tí mo ṣẹ̀dá yìí náà ní ìṣòro tirẹ̀, kò sì yẹ kí n fi pamọ́. Oní- kì í sọ irú àjọṣe tó wà láàárín ènìyàn àti nǹkan. Onímọ́tò lè jẹ́ ẹni tó ni mọ́tò, ó sì lè jẹ́ ẹni tó ń wà á fún ẹlòmíràn. Oníbúrẹ́dì lè jẹ́ ẹni tó ṣe é tàbí ẹni tó ń tà á lórí àtẹ. Bákan náà, aṣojú tó sọ pé ‘àwa ni olórúkọ’ lè jẹ́ ẹni tó ni orúkọ náà, ó lè jẹ́ ẹni tí wọ́n yan fún orílẹ̀-èdè kan, ó sì lè jẹ́ ẹni tó kàn ń lo orúkọ náà.

Nǹkan yìí ṣe pàtàkì púpọ̀ ní etí ẹnubodè. Àmì òwò tí ènìyàn forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Àbújá, Nàìjíríà ló ń dáàbò bò ó. Benin wà nínú OAPI, àjọ ohun-ìní ọpọlọ tí Àdéhùn Bangui ti 1977 dá lé, tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Yaoundé. Àmì tí a bá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ wúlò ní gbogbo orílẹ̀-èdè 17 tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, fún ọdún 10, a sì lè tún un ṣe lẹ́yìn náà. Nàìjíríà kò sí nínú wọn. Nítorí náà, orúkọ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ní Ìdí-Ìrókò lè wà ní Igolo láìní olúwa lójú òfin. Bí ẹlòmíràn bá lọ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní OAPI, agborúkọlò ní Daagbé lè bá ara rẹ̀ nínú ẹjọ́ lórí orúkọ tó fi owó gbà.

Ohun tó yẹ kí a béèrè kò pọ̀: nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ àmì náà ní OAPI, orúkọ ẹni tó wà lórí ìwé ẹ̀rí, àti nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ náà nínú RCCM, ìwé àkọsílẹ̀ àwọn oníṣòwò. Bí orúkọ tó wà lórí ìwé ẹ̀rí kò bá jọ ti ẹni tó ń tọwọ́ bọ àdéhùn, kí ó fi ìwé àṣẹ tó so àwọn méjèèjì pọ̀ hàn.

Olórúkọ sì tún lè yí padà. Ní 2013, ilé-iṣẹ́ Famous Brands ti South Africa ra ìpín 49 nínú ọgọ́rùn-ún nínú ilé-iṣẹ́ oúnjẹ UAC tó ni Mr Bigg's. Kò sí aburú nínú ìyẹn, bí òwò ṣe rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí agborúkọlò mọ ohun tí ìwé rẹ̀ sọ bí ẹlòmíràn bá ra olórúkọ: ṣé ọdún tó kù ṣì jẹ́ tirẹ̀?

4. Èrè, owó ọjà àti pa

Aṣojú sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé ‘ìdá márùn-ún péré nínú ọgọ́rùn-ún lórí ohun tí ẹ bá pa ni ẹ ó máa fún wa’. Nínú ìwé, wọ́n kọ ọ́ pé ìdá márùn-ún lórí chiffre d'affaires, ìyẹn gbogbo owó tí ọjà tí a tà mú wọlé, kí a tó yọ ohunkóhun.

Pa kò fi ìyàtọ̀ hàn. Bí ènìyàn bá ní ‘Mo pa ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún lónìí’, ó lè jẹ́ gbogbo owó tó wọ àpò, ó sì lè jẹ́ èyí tó kù lẹ́yìn ìnáwó. Láàárín àwọn tó ń ṣòwò pọ̀, kò sí wàhálà, nítorí wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Láàárín olórúkọ àti agborúkọlò, gbogbo òwò náà wà nínú ìyàtọ̀ yẹn. Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò kékeré kan wò ó. Ká ní owó ọjà oṣù kan jẹ́ 1,000,000 faranki CFA, kí ìyẹ̀fun, igi ìdáná, owó iná, owó ilé àti owó òṣìṣẹ́ jẹ́ 900,000. Èrè jẹ́ 100,000. Ìdá márùn-ún lórí èrè jẹ́ 5,000. Ìdá márùn-ún lórí owó ọjà jẹ́ 50,000, ìdajì èrè náà. Ní oṣù tí kò bá sí èrè rárá, ti àkọ́kọ́ yóò jẹ́ òfo. Ti kejì yóò ṣì jẹ́ 50,000.

Kì í ṣe pé Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀. Àwọn ìyálọ́jà ń pe ohun tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní ojú owó, ohun tí wọ́n tà ní owó ọjà, ohun tó lé sí i ní èrè. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tó ń túmọ̀ ìwé àdéhùn kò gbọdọ̀ jáde kúrò nínú mẹ́ta yìí, kò sì gbọdọ̀ lo pa níbikíbi. Ó tún yẹ kí ó ṣọ́ra fún owó ìwọlé. Aṣojú lò ó fún owó tí a ń san kí a tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ ọ bí owó tó ń wọlé. Owó ìbẹ̀rẹ̀ dára jù.

Ohun kan tún wà tó ń jẹ èrè láìsí orúkọ ní Yorùbá. Ìwé náà ní ọwọ́ olórúkọ nìkan ni agborúkọlò gbọ́dọ̀ ti máa ra ìyẹ̀fun àti àwọn èròjà kan, ní iye tí olórúkọ bá dá. Ní ìlú etí ẹnubodè, iye ọjà kì í dúró lójú kan. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ láti oṣù kẹfà 2023, iye ọ̀pọ̀ ọjà Nàìjíríà yí padà lójú ẹni tó ń ná CFA. Nàìjíríà ti ti ẹnubodè ilẹ̀ rẹ̀ ní oṣù kẹjọ 2019, Ìdí-Ìrókò kò sì gba àṣẹ ìṣísílẹ̀ títí di oṣù kẹrin 2022. Ó yẹ kí a béèrè ibi tí èròjà náà ti ń wá, owó tí wọ́n fi ń dá iye lé e, àti ẹni tó ru òfò bí ọ̀nà bá dí.

5. A: àwa wo?

Ẹ wo ohun tí aṣojú sọ:

(4) A ó polówó ọjà lórí rédíò.
(5) A ó tún ṣọ́ọ̀bù ṣe ní ọdún kẹta.

Yorùbá kò ní a méjì. Àwọn èdè kan ní ọ̀kan tó kó ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ mọ́ra, wọ́n sì ní òmíràn tó yọ ọ́ sílẹ̀. Tiwa kò pín in. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ (4) àti (5) bí ìlérí: ilé-iṣẹ́ ni yóò ṣe é. Nínú ìwé, ìdá méjì lórí owó ọjà ni agborúkọlò yóò máa san fún ìpolówó, òun nìkan ni yóò sì san owó àtúnṣe ṣọ́ọ̀bù. Bí a bá padà sí ìṣirò wa, ìdá méjì jẹ́ 20,000. Nínú èrè 100,000, ohun tó kù di 30,000.

Ọ̀nà àtiyẹ̀ ẹ́ wò rọrùn. Gbogbo ibi tí aṣojú bá ti lo a, kí a fi orúkọ rọ́pò rẹ̀, kí a sì ní kí ó tún gbólóhùn náà sọ. ‘Ilé-iṣẹ́ yóò fi owó ilé-iṣẹ́ polówó’ àti ‘Ìyá oníbúrẹ́dì yóò san owó ìpolówó’ kò ṣeé gbọ́ bí ọ̀kan náà. Ìlérí ẹ̀kọ́ṣẹ́ náà nílò irú rẹ̀: ta ni yóò kọ́ni, ọjọ́ mélòó, níbo, owó ọkọ̀ àti oúnjẹ lọ́rùn ta?

6. Lè àti àwọn tó ti lọ

Aṣojú ní ‘Ẹ lè ta mílíọ̀nù méjì lóṣù’. Kò sí ẹni tó lè já a nírọ́, nítorí lè kò sọ pé ẹnikẹ́ni ti tà á rí. Ohun tí a lè ṣe ni kí a yọ lè kúrò, kí a sì béèrè olùwà, ibi àti ìgbà: Ta ló tà á? Ní ìlú wo? Ní oṣù wo? Bí gbólóhùn náà kò bá lè dúró láìsí lè, ìrètí lásán ni.

Àwọn orílẹ̀-èdè kan ti sọ irú ìbéèrè yìí di òfin. Ní Amẹ́ríkà, òfin FTC ti 1978, tí wọ́n tún ṣe ní 2007, pàṣẹ pé kí olórúkọ kó ìwé àlàyé olórí-ọ̀rọ̀ 23 fún ẹni tó fẹ́ wọ òwò náà, ó kéré tán ọjọ́ 14 kí ó tó tọwọ́ bọ àdéhùn tàbí kí ó tó sanwó. Bí olórúkọ bá fẹ́ sọ iye tí ènìyàn lè pa, ó gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rí tó gbé e ró, kí ó sì kọ ọ́ sínú ìwé náà. Ó gbọ́dọ̀ kọ ẹjọ́ tó ti jẹ́ rí, kí ó sì kọ orúkọ àwọn agborúkọlò rẹ̀, àti ti àwọn tó kúrò láàárín ọdún ìṣirò tó kọjá. Ní Faransé, òfin tí wọ́n ń pè ní Loi Doubin, ti 31 oṣù kejìlá 1989, fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ 20 pẹ̀lú ìwé àlàyé.

Benin wà nínú OHADA, ṣùgbọ́n òfin àjùmọ̀lò OHADA lórí òwò, tí wọ́n tún ṣe ní 2010, kò ní orí kankan fún franchise. Nítorí náà, ẹni tó wà ní Daagbé kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé òfin yóò bá òun béèrè. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò béèrè. Kò sì sí òfin tó ní kí ó má béèrè.

Nínú gbogbo rẹ̀, àwọn tó ti lọ ló ṣe pàtàkì jù. Ẹni tí aṣojú bá mú wá fún wa ni ẹni tí inú rẹ̀ dùn. Ẹni tó ti kúrò kò ní ìdí láti pọ́n ẹnikẹ́ni lé. Kí a bi í léèrè ìdí tó fi lọ, iye tó fi wọlé, àti iye tó kó jáde. Bí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá kúrò láàárín ọdún kan, ó yẹ kí á mọ ìdí rẹ̀ kí á tó lọ tọwọ́ bọ̀wé.

7. Ìwé tí a kọ ránṣẹ́

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jókòó, ó ń sọ ọ́ ní Yorùbá, mo ń kọ ọ́ ní Faransé. Ìbéèrè méje ni:

(i) Ta ni orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé ẹ̀rí OAPI?
(ii) Lórí owó ọjà ni tàbí lórí èrè ni a ó ti máa yọ ìdá márùn-ún àti ìdá méjì?
(iii) Ta ni yóò san owó ìpolówó, ẹ̀kọ́ṣẹ́ àti àtúnṣe ṣọ́ọ̀bù?
(iv) Èló ni èròjà tí ẹ ń tà fún wa, báwo ni iye rẹ̀ ṣe ń yí padà?
(v) Ṣé ẹ lè fún ẹlòmíràn ní orúkọ yìí ní Daagbé tàbí Igolo nígbà tí àdéhùn mi kò tíì parí?
(vi) Ṣé ẹ lè yọ ọ̀rọ̀ ọdún méjì kúrò fún ẹni tó ti ń ta búrẹ́dì kí ó tó mọ̀ yín?
(vii) Àwọn wo ló ti kúrò láàárín ọdún mẹ́ta, báwo ni a ṣe lè bá wọn sọ̀rọ̀?

A tún bẹ̀bẹ̀ fún ọjọ́ 20 dípò márùn-ún.

8. Àgbálọgbábọ̀

Ìdáhùn dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá. Wọ́n dáhùn mẹ́rin nínú méje. Wọ́n gbà láti dín ọdún méjì kù sí ọdún kan. Wọ́n kò fi ìwé ẹ̀rí OAPI ránṣẹ́, wọn kò sọ nǹkan kan nípa Igolo, wọ́n sì ní orúkọ àwọn tó ti kúrò jẹ́ àṣírí. Ẹ̀gbọ́n mi kò tọwọ́ bọ̀wé. N kò sọ pé ilé-iṣẹ́ náà burú. Ó ṣeé ṣe kí ẹlòmíràn bá wọn ṣe é, kí ó sì rí jẹ. Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi sọ ni pé, ‘Àbúrò mi, ẹni tí kò lè fi ẹni tó ṣí kúrò lórí ilẹ̀ rẹ̀ hàn mí, n kò lè san ìṣákọ́lẹ̀ fún un.’

Fún àwa tó ń kọ́ nípa èdè, ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pé kí á lọ gbọ́ ohun tí àwọn ìyálọ́jà ń sọ kí á tó ṣẹ̀dá èdè-ìperí fún òwò: ojú owó, owó ọjà àti èrè ti wà nílẹ̀ kí a tó dé. Ìkejì ni pé ìtumọ̀ tó péye lè ṣi ènìyàn lọ́nà bí a kò bá tọ́ka sí ibi tí èdè tí a ń túmọ̀ sí kò ti ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. Níbi tí rà, oní-, pa, a tàbí lè bá ti wọ inú ìwé àdéhùn, ó yẹ kí atúmọ̀ dúró, kí ó fi orúkọ, iye àti ọjọ́ sí i, tàbí kí ó kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé pé ọ̀rọ̀ yìí kò tíì sọ ohun tó ń sọ.